Ayálégbé Àkọ́kọ́ Kò Sanwó: Ìdáhùn fún Màmá Kan ní Ìkòròdú

Màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́ kọ̀wé sí mi láti Ìkòròdú. Ó ní: "Lọ́yà, ẹ jọ̀ọ́, owó ìfẹ̀yìntì mi ni mo fi parí ilé oní-fúláàtì mẹ́rin tí bàbá àwọn ọmọ mi kọ́ dé ìdajì kí ọlọ́jọ́ tó dé. Ẹni tó kọ́kọ́ gba fúláàtì kan níbẹ̀ wọlé ní ọjọ́ kìíní oṣù Kejì ọdún tó kọjá. Ará ìjọ wa kan ló mú un wá, nítorí náà a kò kọ àdéhùn kankan. Ó san 700,000 náírà fún ọdún kan sínú àkáǹtì mi, mo sì fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ọdún ti pé láti ìparí oṣù Kìíní, oṣù Keje la wà yìí, kò tíì fún mi ní kọ́bọ̀. Alábòójútó ilé ní kí a gé wáyà iná rẹ̀, tàbí kí a ṣí páànù díẹ̀ lórí rẹ̀, pé yóò sáré jáde. Àbúrò mi ní kí n jẹ́ kí ọlọ́pàá wá gbé e. Ejẹ́ǹtì tó fẹ́ bá mi wá àwọn tí yóò gba mẹ́ta tó kù ní kí n gba owó ọdún méjì lọ́wọ́ wọn, kí irú èyí má bàa tún ṣẹlẹ̀. Ẹ̀rù ilé ẹjọ́ ń bà mí, nítorí àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Kí ni kí n ṣe tí n kò fi ní rú òfin?"

Màmá, ẹ kú iṣẹ́ ilé, ẹ sì kú ará fẹ́ra kù bàbá. Bí mo ṣe ka ìwé yín, ohun méjì ló ń dùn yín. Èkíní ni pé ẹnì kan jókòó sínú ilé tí ẹ fi òógùn ojú yín parí, kò sanwó, kò sì jáde. Èkejì ni pé gbogbo ẹni tó súnmọ́ yín ló ń gbà yín nímọ̀ràn, ìmọ̀ràn wọn sì yàtọ̀ síra, kò sì sí ọ̀kan nínú wọn tí yóò dúró níwájú adájọ́ pẹ̀lú yín bí ọ̀rọ̀ bá yíwọ́. Mo ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń gbé ẹjọ́ onílé àti ayálégbé lọ sí ilé ẹjọ́ Májísíréètì ní Èkó. Ohun tí mo rí kọ́ níbẹ̀ ni pé ọjọ́ tí a fún ayálégbé ní kọ́kọ́rọ́ ni onílé ti máa ń jàre tàbí kó jẹ̀bi, ọjọ́ ìjà kàn wulẹ̀ máa ń fi hàn ni. Ìdí nìyí tí n ó fi dáhùn ọ̀rọ̀ ẹni tó wà nínú ilé báyìí, tí n ó sì pẹ́ díẹ̀ lórí fúláàtì mẹ́ta tí kò tíì sí ènìyàn nínú wọn, nítorí ibẹ̀ ni ẹ ti lè gba ara yín là pátápátá.

Òfin tó ń darí ọ̀rọ̀ yín ni Òfin Ilé Yíyá ti Ìpínlẹ̀ Èkó, ti ọdún 2011. Ó kan gbogbo ìpínlẹ̀ náà àyàfi Àpápá, GRA Ìkẹjà, Ìkòyí àti Victoria Island, nítorí náà Ìkòròdú wà lábẹ́ rẹ̀. Ẹni tó bá ń ka ìdáhùn yìí ní Abẹ́òkúta tàbí ní Ìbàdàn kò gbọdọ̀ gbé iye oṣù àti iye owó ìtanràn tí n ó dárúkọ lọ síbẹ̀, nítorí ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní òfin tirẹ̀. Láti ọdún 2025 ni àbádòfin tuntun lórí ọ̀rọ̀ yìí sì ti dé iwájú Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Èkó. Bí ẹ bá dé ọ́fíìsì agbẹjọ́rò, ẹ kọ́kọ́ bi í bóyá òfin 2011 ṣì wà bó ṣe wà.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ tú ọ̀rọ̀ kan tó máa ń ta kókó fún ọ̀pọ̀ onílé tuntun. Wọ́n á ní, "Lọ́yà, a ò kọ̀wé, nítorí náà kì í ṣe ayálégbé mi, àlejò lásán ni." Kò rí bẹ́ẹ̀. Lójú òfin Èkó, bí ẹ bá ti fún ènìyàn ní ilé, tí ó sì san owó nítorí rẹ̀, ó ti di ayálégbé, ìbáà jẹ́ ẹnu lásán ni ẹ fi ṣàdéhùn. Níbi tí kò bá sì ti sí ìwé, bí owó ṣe ń wọlé ni ilé ẹjọ́ yóò wò láti mọ irú ayálégbé tó jẹ́. Ẹni tó ń san owó lóṣooṣù jẹ́ ayálégbé olóṣooṣù, ẹni tó san ti ọdún kan lẹ́ẹ̀kan náà, gẹ́gẹ́ bí ẹni yín ṣe san 700,000, ayálégbé ọlọ́dọọdún ni wọn yóò kà á sí. Ìyàtọ̀ yìí kì í ṣe kékeré. Bí ẹ̀yin méjèèjì kò bá ti fúnra yín sọ iye àkókò tí ẹ máa fún ara yín, òfin yóò bá yín sọ ọ́: ayálégbé olóṣooṣù yóò gba kúìtì, ìyẹn ìwé tó ń sọ fún un pé kó jáde, ti oṣù kan, ẹni tó ń san owó lóṣù mẹ́ta mẹ́ta tàbí oṣù mẹ́fà mẹ́fà yóò gba ti oṣù mẹ́ta, ọlọ́dọọdún yóò gba ti oṣù mẹ́fà gbáko. Ẹ tún gbólóhùn yẹn kà, Màmá: bí ẹ̀yin méjèèjì kò bá ti fúnra yín sọ ọ́. Oṣù mẹ́fà yẹn kì í ṣe dandan fún gbogbo ayálégbé ọdọọdún ní Èkó. Ẹni tó bá kọ ọ́ sínú àdéhùn pé oṣù méjì ni kúìtì, oṣù méjì náà ni. Àìkọ̀wé ọjọ́ kan ṣoṣo, nítorí pé ará ìjọ ló mú un wá, ni ó fún ọkùnrin yìí ní oṣù mẹ́rin sí i nínú ilé yín.

Ní ti wáyà àti páànù, ẹ sọ fún alábòójútó yín lónìí, lójú ẹlẹ́rìí, pé ẹ kò rán an ní irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Òfin sọ ọ́ kedere pé onílé kò gbọ́dọ̀ dí ayálégbé lọ́wọ́ ohun ìlò tó jẹ́ ti gbogbo ilé, kò gbọ́dọ̀ gbẹ́sẹ̀ lé ẹrù rẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ da ìfọ̀kànbalẹ̀ rẹ̀ nínú ilé láàmú. Ẹni tó bá wó ara ilé tàbí tó yí i padà nítorí kí ayálégbé lè jáde láìgba àṣẹ ilé ẹjọ́, tó fi tipátipá lé e, tàbí tó fi ìwà tàbí ọ̀rọ̀ ẹnu halẹ̀ mọ́ ọn nítorí rẹ̀, ti ṣẹ̀ sí òfin, ìtanràn rẹ̀ sì lè tó 250,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́fà. Ìtanràn ìjọba nìkan nìyẹn. Ayálégbé náà lè tún pe onílé lẹ́jọ́ fún owó gbà-má-bínú. Mo ti bá onílé kan jókòó nínú ọ̀rọ̀ bí èyí. Ayálégbé rẹ̀ jẹ ẹ́ ní owó ilé oṣù mẹ́sàn-án, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì hàn gbangba. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ Sátidé kan nínú oṣù Kẹfà, ó rán káfíńtà gun òrùlé, wọ́n sì tú páànù mẹ́fà lórí yàrá àwọn ọmọ. Òjò rọ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà. Nígbà tí a dé ilé ẹjọ́, fọ́tò ni agbẹjọ́rò ayálégbé kọ́kọ́ fi han adájọ́: bẹ́ẹ̀dì tó rin gbingbin, ìwé ilé-ìwé ọmọ tí tàdáwà rẹ̀ ti ṣàn lọ, àti bàbá onílé fúnra rẹ̀ tó dúró sísàlẹ̀, tó ń na ọwọ́ sókè. Láti ọjọ́ yẹn, kò sẹ́ni tó tún bèèrè nípa owó oṣù mẹ́sàn-án mọ́. Bí gbèsè ṣe máa ń di ẹ̀bi sọ́rùn ẹni tí wọ́n jẹ ní gbèsè nìyẹn, ó sì máa ń dùn mí nígbàkúùgbà tí mo bá rántí rẹ̀, nítorí bàbá náà kì í ṣe ènìyàn burúkú.

Ti ọlọ́pàá kò gùn. Àìsan owó ilé kì í ṣe ọ̀ràn, gbèsè ni. Òfin Iṣẹ́ Ọlọ́pàá ti ọdún 2020 sọ pé a kò gbọdọ̀ mú ènìyàn nítorí gbèsè tàbí nítorí pé ó yẹ àdéhùn lásán. Bí ọlọ́pàá kan bá gbà láti bá yín dẹ́rù bà á, ọkùnrin náà lè pe ọlọ́pàá náà àti ẹ̀yin lẹ́jọ́ lórí ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn. Bí ó bá lù yín, tó sì fọ́ fèrèsé yín, ọ̀ràn mìíràn nìyẹn, ẹ lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá; ṣùgbọ́n ẹ má fi ọ̀rọ̀ owó ilé bò ó.

Ọ̀nà tó tọ́ rí báyìí. Ẹ ó kọ́kọ́ fún un ní kúìtì. Nígbà tí àkókò inú kúìtì bá pé tí kò jáde, ẹ ó fún un ní ìwé kejì, tí àwa agbẹjọ́rò ń pè ní ìwé ọlọ́jọ́ méje, èyí tó ń sọ fún un pé ẹ̀yin onílé ti fẹ́ lọ bá ilé ẹjọ́. Ọjọ́ méje náà gbọdọ̀ pé gbáko, láìka ọjọ́ tí ìwé dé ọwọ́ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ẹ ó tó pe ẹjọ́. Bí adájọ́ bá dá yín láre, akódà kóòtù ni yóò lọ kó ẹrù rẹ̀ jáde, kì í ṣe ẹ̀yin tàbí alábòójútó yín. Àwọn agbẹjọ́rò kan yóò sọ fún yín pé ọdún kan péré ni ẹ fún un, ọdún náà ti pé, nítorí náà kò nílò kúìtì rárá, ìwé ọlọ́jọ́ méje ti tó. Òótọ́ ni pé òfin gbà bẹ́ẹ̀ fún ilé tí a yá fún àkókò kan pàtó tó sì ti parí. Ṣùgbọ́n ta ni yóò jẹ́rìí pé ọdún kan péré ni ẹ sọ? Kò sí ìwé. Ẹnu yín ni àti ẹnu tirẹ̀, òun yóò sì sọ pé ẹ ní kó máa gbé ibẹ̀ lọ lọ́dọọdún. Bí ó bá jẹ́ pé èmi ni mo ni ilé náà, mo máa fún un ní kúìtì oṣù mẹ́fà kí oṣù Keje yìí tó parí, kí ó sì tán ní ọjọ́ 31 oṣù Kìíní tó ń bọ̀. Ó gùn, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá dá ẹjọ́ nù nítorí kúìtì, ó gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ibi tí mo ti rí onílé tó pọ̀ jù tí wọ́n ń ṣubú nìyí, nítorí náà ẹ fara balẹ̀ pẹ̀lú mi. Kúìtì kì í ṣe lẹ́tà ìbínú. Orúkọ ayálégbé bó ṣe ń jẹ́ gan-an, ibi tí ilé wà àti fúláàtì tí ọ̀rọ̀ kàn, irú ayálégbé tó jẹ́, àti ọjọ́ tí ó gbọdọ̀ jáde, gbogbo rẹ̀ gbọdọ̀ hàn kedere. Bí kì í bá ṣe ẹ̀yin fúnra yín lẹ fọwọ́ sí i, ẹni tó fọwọ́ sí i gbọdọ̀ ní ìwé àṣẹ lọ́wọ́ yín, ìwé náà sì gbọdọ̀ ti wà kí ó tó fọwọ́ sí i. Èyí kan agbẹjọ́rò pàápàá. Mo rí ẹjọ́ kan tí kúìtì rẹ̀ dára, oṣù rẹ̀ pé, ṣùgbọ́n alábòójútó ilé ló fọwọ́ sí i. Agbẹjọ́rò ayálégbé bi í pé, "Ìwé wo ni onílé fi rán ọ?" Ó dáhùn pé orí fóònù ni wọ́n ti sọ ọ́. Ẹjọ́ náà bàjẹ́ níbẹ̀. Nínú òmíràn, wọ́n ti fi ọ̀dà funfun pa ọjọ́ kan rẹ́ lórí ìwé, wọ́n sì kọ òmíràn lé e. Adájọ́ gbé ìwé náà sókè sí iná, ó wò ó títí, ó sì gbé e sílẹ̀ láìsọ̀rọ̀. Onílé náà kò rántí ọjọ́ tí ayálégbé wọlé mọ́, rìsíìtì tó bọ́ sọ́wọ́ ayálégbé ló sì sọ òtítọ́. Oṣù mẹ́fà tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nítorí náà, ẹ fi ìwé lé e lọ́wọ́ lójú ẹlẹ́rìí, kí ó fọwọ́ sí ẹ̀dà tiyín. Bí kò bá sì fẹ́ gbà á, a lè fi í lé àgbàlagbà tó ń gbé inú fúláàtì náà lọ́wọ́, a sì lè lẹ̀ ẹ́ mọ́ ibi tó hàn gbangba lára ilé, kí ẹ̀rí sì wà fún un. Fọ́tò tó fi ọjọ́ àti ìlẹ̀kùn hàn wúlò púpọ̀ níbí.

Ẹ lè gbọ́ lẹ́nu àwọn kan pé Ilé Ẹjọ́ Tó Ga Jùlọ ti fòpin sí gbogbo wàhálà yìí. Lóòótọ́, ní oṣù Kejì ọdún 2021, nínú ẹjọ́ tó ti ìlú Èkó wá láàárín ilé-iṣẹ́ Pillars àti ìdílé Desbordes, ilé ẹjọ́ náà bínú sí àwọn ayálégbé tó ń fi àbùkù inú kúìtì sá fún ẹjọ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì sọ pé bí onílé bá ti pe ẹjọ́ láti gba ilé rẹ̀, ìwé ìpẹ̀jọ́ náà ti tó gẹ́gẹ́ bí ìkìlọ̀, ìbáà jẹ́ pé kúìtì ní àbùkù. Inú mi dùn sí ìdájọ́ yẹn, mo sì ti lò ó. Ṣùgbọ́n mi ò ní gba onílé tuntun kankan níyànjú pé kó torí rẹ̀ kọ kúìtì jákujàku. Ìdájọ́ yẹn dà bí táyà àfikún inú búùtù ọkọ̀: ó dára kó wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kì í torí rẹ̀ fi táyà tó ti jẹ tán rìnrìn àjò.

Ẹ ṣọ́ra fún owó tó bá wọlé lẹ́yìn kúìtì. Èyí jẹ́ ọ̀fìn tí ayálégbé ọlọ́gbọ́n máa ń gbẹ́ sílẹ̀ de onílé. Yóò dúró títí kúìtì yóò fi kù díẹ̀ kó pé tàbí tí yóò fi pé, yóò wá fi owó ọdún kan gbáko ránṣẹ́ sínú àkáǹtì yín láìsọ fún yín. Bí ẹ bá dákẹ́, tí ẹ sì kọ rìsíìtì owó ilé ọdún tuntun fún un, ó ti lè sọ fún ilé ẹjọ́ pé ẹ ti fi kúìtì náà sílẹ̀, pé ẹ ti tún ilé yá a. Owó tó jẹ yín sẹ́yìn, ẹ̀tọ́ yín ni láti gbà á. Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ sórí rìsíìtì pé gbèsè àkókò tó ti kọjá ni, tàbí owó ìlò ilé títí di ọjọ́ tí yóò jáde, pé kì í ṣe owó ilé tuntun, àti pé kúìtì yín ṣì dúró. Bí owó bá pọ̀ ju gbèsè lọ, ẹ fi lẹ́tà dá a lóhùn láàárín ọjọ́ díẹ̀, kí ẹ sì dá àṣẹ́kù padà.

Nísinsìnyí, òwe yín. Òótọ́ ni àwọn àgbà sọ pé a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́, n kò sì ní sọ fún yín pé ilé ẹjọ́ yá. Ẹjọ́ ilé ní Èkó lè gba ọdún kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ bí ayálégbé bá pinnu láti máa fà á. Nítorí náà, kí ẹ tó dé ibẹ̀, ẹ gbìyànjú ilé ìpẹ̀tùsááwọ̀ ìjọba Èkó tí wọ́n ń pè ní Citizens' Mediation Centre. Ọ̀fẹ́ ni iṣẹ́ wọn, ọ̀rọ̀ onílé àti ayálégbé sì wà lára èyí tí wọ́n ń rí jù. Wọn yóò ránṣẹ́ pe ọkùnrin náà, ẹ̀yin méjèèjì yóò jókòó níwájú ẹni tí kò gbè sẹ́yìn ẹnì kankan, ohun tí ẹ bá sì fẹnu kò sí ni wọn yóò kọ sílẹ̀ tí ẹ máa fọwọ́ sí. Ẹ bá mi wo ìṣirò rẹ̀. Bí oṣù Keje bá parí, ó jẹ yín ní oṣù mẹ́fà, ìyẹn 350,000 náírà. Bí ó bá gbà láti jáde ní ìparí oṣù Kẹsàn-án, kí ó san ìdajì gbèsè náà, kí ẹ sì dárí ìyókù jì í, ó ṣeé ṣe kí èyí dùn yín bí ẹni tí wọ́n jà lólè. Ṣùgbọ́n ẹ fi wé owó agbẹjọ́rò, ọdún kan tí fúláàtì náà kò fi ní mú owó wọlé, àti ọkàn yín tí kò ní balẹ̀. Ọ̀pọ̀ ìgbà ni mo ti sọ fún onílé pé kó gba díẹ̀ kó sì gba ilé rẹ̀. Mi ò sọ pé dandan ni fún yín. Bí ó bá jẹ́ ẹni tó ń ṣeré pẹ̀lú yín, tí ó ní owó lọ́wọ́ tó sì ń fi yín rẹ́rìn-ín, ẹ fún un ní kúìtì ní ọjọ́ kan náà tí ẹ lọ sí ilé ìpẹ̀tùsááwọ̀, kí àkókò má bàa ṣòfò. Bí ó bá sì jáde láìsan gbèsè, ilé ẹjọ́ kékeré fún gbèsè, tí Èkó dá sílẹ̀ ní 2018, ń gbọ́ ẹjọ́ owó tí kò ju mílíọ̀nù márùn-ún náírà lọ, wọ́n sì ṣe é kí ó lè tètè parí. Owó nìkan ni wọ́n lè bá yín gbà níbẹ̀, wọn kò lè bá yín gba ilé.

Fún fúláàtì mẹ́ta tó kù, ẹ má gba owó ọdún méjì. Òfin 2011 kò gbà kí onílé tàbí ejẹ́ǹtì béèrè ju ọdún kan lọ lọ́wọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ wọlé. Lọ́wọ́ ẹni tó ti wà nínú ilé, ẹ kò gbọdọ̀ gbà ju oṣù mẹ́fà lọ bí ó bá jẹ́ olóṣooṣù, tàbí ọdún kan bí ó bá jẹ́ ọlọ́dọọdún. Ẹni tó gbà á àti ẹni tó san án ló jẹ̀bi, ìtanràn rẹ̀ sì jẹ́ 100,000 náírà tàbí ẹ̀wọ̀n oṣù mẹ́ta. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn ń gbà á ní Èkó, kò sì sẹ́ni tó mú wọn. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí ìjà bá dé ni ayálégbé yóò yọ ẹ̀rí ìsanwó ọdún méjì síta, ẹ̀yin tó lọ bèèrè ẹ̀tọ́ yóò sì di ẹni tó ń ṣàlàyé ara rẹ̀. Owó ọdún méjì pàápàá kò yanjú ohun tó ń dùn yín, ó kàn sún un síwájú ni; ẹni tí kò ní sanwó lọ́dún kejì lè má san lọ́dún kẹta.

Ohun tó lè yanjú rẹ̀ ni ìwé àdéhùn, kí agbẹjọ́rò kọ ọ́, kí ẹ má ra fọ́ọ̀mù inú ọjà. Ẹ kọ ọjọ́ tí ilé bẹ̀rẹ̀ àti ọjọ́ tó parí, kí ó hàn pé àkókò kan pàtó ni. Ẹ kọ iye àkókò kúìtì, mo sì lérò pé oṣù méjì sí mẹ́ta yẹ fún ẹ̀yin àti fún ènìyàn tó nílò láti wá ilé mìíràn. Ẹ kọ iye ènìyàn tí yóò gbé fúláàtì, pé ibùgbé ni, kì í ṣe ilé ọtí tàbí ilé ìjọsìn, ẹni tí yóò san owó iná àti ẹni tí yóò ṣe àtúnṣe kí ni. Ìta ilé àti àwọn ibi tí gbogbo ènìyàn jọ ń lò, tiyín ni àtúnṣe rẹ̀ lójú òfin. Land Use Charge, ìyẹn owó orí ilé tí ìjọba ń gbà lọ́dọọdún, tún wà lọ́rùn ẹni tó ni ilé. Bí ayálégbé kò bá mọ̀wé, kí wọ́n ka àdéhùn náà sí i létí ní èdè tó gbọ́, kí a sì kọ ọ́ sínú ìwé pé a ka á fún un. Òfin tó ń dáàbò bo àwọn tí kò mọ̀wé le lórí èyí. Ẹ sì san owó òǹtẹ̀ ìjọba lórí ìwé náà, nítorí ilé ẹjọ́ lè kọ̀ láti wo ìwé tí kò ní òǹtẹ̀.

Àwọn kan ń sọ pé kí onílé máa yá ilé lóṣooṣù dípò ọdọọdún. Ó ní èrè tirẹ̀: òfin sọ pé bí ayálégbé olóṣooṣù bá jẹ gbèsè oṣù mẹ́fà, àdéhùn rẹ̀ ti parí, ilé ẹjọ́ sì lè pàṣẹ kí ó jáde. Ṣùgbọ́n fún ẹni tó wà ní ọjọ́ orí yín, tó ń fi owó ilé gbọ́ bùkátà, kíkojú ènìyàn mẹ́ta fún owó lóṣooṣù kì í ṣe iṣẹ́ kékeré. Mo fara mọ́ ọdọọdún pẹ̀lú kúìtì kúkúrú.

Gbogbo owó tí ẹ bá gbà, ẹ kọ rìsíìtì fún un: ọjọ́, orúkọ yín àti ti ayálégbé, ibi tí ilé wà, iye owó, àti àkókò tí owó náà wà fún. Òfin béèrè rẹ̀, àìkọ ọ́ sì ní ìtanràn. Owó kọ́ṣọ̀n, èyí tó wà fún ohun tí ayálégbé bá bàjẹ́, àti owó ìtọ́jú ilé, rìsíìtì tiwọn lọ́tọ̀. Ayálégbé sì ní ẹ̀tọ́ láti gba ìṣirò kíkọ lórí bí ẹ ṣe ná an, ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́fà. Bí ẹ bá fẹ́ fi owó kún owó ilé, kò sí iye kan tí òfin dá lé e, ṣùgbọ́n ayálégbé lè ní kí ilé ẹjọ́ wò ó bóyá ó ti pọ̀ jù, wọn yóò sì wo iye tí irú ilé bẹ́ẹ̀ ń lọ ládùúgbò. Kí ẹnikẹ́ni tó wọlé, ẹ ya fọ́tò gbogbo yàrá, ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀, kí ẹ̀yin méjèèjì ní ẹ̀dà rẹ̀.

Ohun kan wà tí ẹ kò béèrè, ṣùgbọ́n ó kọ mí lóminú bí mo ṣe ń ka ìwé yín. Ẹ ní bàbá ló bẹ̀rẹ̀ ilé náà kí ó tó kú. Orúkọ ta ló wà lórí ìwé ilẹ̀? Bí ó bá jẹ́ tirẹ̀ nìkan, tí kò sì kọ ìwé ìhágún, kò tíì sí ẹnì kankan nínú yín tó ní ìwé òfin láti ṣàkóso ohun ìní náà títí ẹ ó fi gba ìwé àṣẹ ìṣàkóso ogún ní Ilé Ẹjọ́ Gíga Èkó. Ní ìṣe Yorùbá, àwọn ọmọ ló ń jogún bàbá wọn, kì í ṣe ìyàwó. Bí ẹ bá ṣe ìgbéyàwó kóòtù tàbí ti ṣọ́ọ̀ṣì tó bá òfin mu, ọ̀rọ̀ yí padà, ẹ ní ìpín tiyín. Ayálégbé tó gba ilé lọ́wọ́ yín kò lè tètè dìde pé ẹ kò ni ilé, ṣùgbọ́n ẹbí bàbá lè dìde, wọ́n sì lè kọ̀wé sí ayálégbé pé àwọn ni kó máa sanwó fún. Mo ti rí i. Ẹ pe àwọn ọmọ yín jọ, kí ẹ ṣe ìwé yẹn kí ẹ tó fọwọ́ sí àdéhùn mẹ́ta tó kù, kí orúkọ tó tọ́ lè wà lórí wọn. Owó tí ẹ fi parí ilé náà, ẹ kó gbogbo rìsíìtì sìmẹ́ǹtì àti owó òṣìṣẹ́ rẹ̀ pamọ́.

Ní ọ̀sẹ̀ yìí, ẹ gba ìwé ìṣirò àkáǹtì lọ́wọ́ báńkì, èyí tó fi ọjọ́ tí 700,000 náà wọlé hàn. Ẹ kọ lẹ́tà tó fún agbẹjọ́rò kan láṣẹ láti ṣiṣẹ́ fún yín lórí fúláàtì náà, kí ẹ sì fi ọjọ́ sí i. Bí ọkùnrin náà bá ti fi owó kankan ránṣẹ́ láàárín ìgbà tí ẹ kọ̀wé sí mi àti ìgbà tí ẹ ń ka èyí, ẹ má tíì kọ rìsíìtì. Ẹ sọ fún agbẹjọ́rò yín ná.